Rísíkátù àti Erin Inú Páálí Bisikíìtì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Rísíkátù aránṣọ jalè rí ní Ìlobù, ẹ ní kí olúwarẹ̀ wá bá mi nílé. Ilé mi kò ṣòro mọ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mọ ọ́n láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, òjò tó sì wó ilé àwọn tó lọ pe ẹnjiníà, ńṣe ló fọ tèmi mọ́. N kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Ara ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di àkàrà fún mi ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, bí mo bá sì ń kà á lónìí, àwọn tíṣà a máa dákẹ́ láti gbọ́. Nítorí náà, ohun tí mo bá kọ síbí, òótọ́ ni. Bí mo bá bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ta ló ń jẹ ẹ́?

Ọmọ Ìfọ́n ni Rísíkátù, Ìlobù ni wọ́n gbé e níyàwó wá. Ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn débi pé bí ẹnì kan bá sín ní ọ̀kan, ará èkejì ló máa kí i. Ọláyínká ọkọ rẹ̀ ló ń wa mọ́tò láàrin Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun àti Òṣogbo kí ọlọ́jọ́ tó dé. Nígbà tí Ọláyínká kú, àwọn kan ti ń retí kí obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, kí ó padà sílé bàbá rẹ̀. Ó di ẹrù lóòótọ́. Ó gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní yàrá, ó gbé e síwájú agbo ilé, ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i, ó sì jókòó tì í. Láti ọjọ́ náà, kò tíì kúrò níbẹ̀. Aṣọ tó bá rán, ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa rìn bí ẹni tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àmọ́ kì í bẹ oníbàárà. Bí ẹnì kan bá ní, "Ìyá Husnah, aṣọ mi ti pẹ́ jù," Rísíkátù á dáhùn láìgbójú sókè: "Lọ bá aránṣọ tó ń yára. Kí o sì mú aṣọ ìbora dání, nítorí ìhòòhò ni wàá bá bọ̀."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì yẹn ni agolo mílíìkì kan wà tó ń kó bọ́tìnnì sí. Nínú agolo yẹn ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Rísíkátù wà lọ́mọdé, bisikíìtì kan wà tó ń jẹ́ Adùnjù. Kí àwọn ọmọdé lè máa rọ́ wá rà á, àwọn tó ń ṣe é a máa fi nǹkan róbótó kan sínú páálí kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ni. Kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eyín àgbàlagbà, ihò kékeré wà lókè rẹ̀, àwòrán ẹranko sì yọ lójú rẹ̀: ẹfọ̀n, kìnnìún, àgùnfọn, ọ̀ọ̀nì, ìjàpá, erin. Erin ló ṣọ̀wọ́n jù lọ. Ọmọ tó bá rí erin, ọba ni láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Mọ́ríátù, àbúrò ìyá Rísíkátù, ló ń ta bisikíìtì náà ní Ìfọ́n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Rísíkátù gbé dàgbà. Òun ló ń já páálí. Ẹranko tó ti ọwọ́ ọmọ yẹn kọjá, bí wọ́n bá sọ jí, wọ́n á kún igbó láti ibí dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí wọ́n bá wú ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́, tí wọ́n rí irú rẹ̀ nínú erùpẹ̀, ọ̀dọ̀ Rísíkátù ni wọ́n ń gbé e wá. Kì í wọ ìgò ojú. Àtàǹpàkò ló fi ń wò ó. Á ra á, á yí i padà, á ní: "Kìnnìún ọdún àkọ́kọ́ rèé, ìrù rẹ̀ ká sókè. Ti ọdún kejì, ìrù wálẹ̀, wọ́n sì fi ewé sí ẹ̀yìn rẹ̀." Ọkùnrin kan ti Òṣogbo wá rí, ó ní owó àwọn baba ńlá wa ni èyí tó wà lọ́wọ́ òun, pé wọ́n fi ń ra ẹrú. Rísíkátù wò ó títí. Ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá fi èyí ra ẹrú, ẹrú náà ló máa tà yín."

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sínú agbo ilé náà. Oyèwùmí ni baálé wọn, ẹ̀gbọ́n Ọláyínká tó kú ni. Bàbá wọn àgbà jẹ́ ọdẹ, Baba Ọdẹ ni gbogbo ìlú ń pè é. Nígbà tí Baba Ọdẹ kú, wọ́n bá nǹkan róbótó kan nínú àpò ọdẹ rẹ̀, erin wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: àpò ọdẹ, àwòrán erin, nǹkan tó dà bí eyín. Kí ni ẹ̀yin ìbá sọ? Wọ́n ní eyín erin tó pa kẹ́yìn ló gbẹ́. Wọ́n fi awọ so ó, wọ́n gbé e kọ́ ìṣó ní yàrá baálé, Erin Baba ló ń jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí Baba Ọdẹ lọ́dọọdún, baálé á fi kọ́ ọrùn, àwọn ọmọ ilé á wá dọ̀bálẹ̀, àwọn ìyàwó ilé á kúnlẹ̀. Èmi fúnra mi ti sọ ìtàn erin yẹn fún àlejò púpọ̀, ẹnu mi ló sì ti dùn jù, nítorí èmi ni mo fi kún un pé erin náà dárúkọ Baba kí ó tó ṣubú.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìrántí, wọ́n wá Erin Baba lórí ìṣó, wọn kò rí i. Wọ́n tú yàrá, wọ́n gbọ́n ẹní, kò sí. Oyèwùmí kò lè jẹun dáadáa. Baálé tí ohun Baba sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú wo ni yóò fi wo ilé?

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà nígbà tí Adérónkẹ́, ìyàwó Oyèwùmí, lọ gba aṣọ lọ́wọ́ Rísíkátù. Ìyàwó tí Oyèwùmí fẹ́ lẹ́yìn tí àkọ́fẹ́ rẹ̀ kú ni Adérónkẹ́. Rísíkátù ti pẹ́ nínú ilé kí ó tó dé, nítorí náà ìyálé rẹ̀ ni. Rísíkátù da agolo bọ́tìnnì sórí tábìlì pé kí ó ṣa èyí tó wù ú.

"Ìyálé mi, kí lẹ gbé síbí yìí?"

"Bọ́tìnnì ni. Àbí ẹ̀wà lo rí?"

"Èyí kì í ṣe bọ́tìnnì. Yéè! Erin Baba nìyí!"

"Erin baba ta ni? Erin tèmi ni. Mo ti ní in kí ìyá tó bí ọ tó mọ bàbá rẹ."

Adérónkẹ́ kò dúró gba aṣọ mọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, adìẹ nìkan ni kò tíì gbọ́ nínú agbo ilé náà pé Rísíkátù ló jí Erin Baba.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni Oyèwùmí pe ìpàdé sí, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Wọ́n ránṣẹ́ pe èmi náà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó le ládùúgbò wa tí wọ́n lè parí láìsí èmi. Rísíkátù wọlé, ó kúnlẹ̀ kí baálé, ó kúnlẹ̀ kí èmi, ó kí gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí, ó jókòó kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ó jókòó.

Oyèwùmí ní, "Ìyàwó Ọláyínká, erin tó wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e kalẹ̀."

"Baálé, mo mú un wá. Àmọ́ n kò ní gbé e kalẹ̀. Tèmi ni."

Adérónkẹ́ fò dìde. "Irọ́ lo pa! Olè ni ọ́! O fẹ́ gbé ogún wa lọ fún wọn ní Ìfọ́n!"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ háà. Kì í ṣe olè tó pè é nìkan ló dùn wọ́n. Ìyàwó ilé tó ń pe ìyálé rẹ̀ ní "o", bí ẹni ń bá ọmọ ìkókó sọ̀rọ̀! Ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Rísíkátù kò pariwo. Ó kàn bi í léèrè: "Adérónkẹ́, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọ ilé yìí, ta ló bu omi sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?"

Gbogbo wa mọ̀ pé Rísíkátù ni.

Oyèwùmí na ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kò sí ìjà níbí. Rísíkátù, gbé ohun Baba sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ sí Ìfọ́n. N kò lè bá olè gbé nínú ilé bàbá mi."

"Lọ síbo?" Rísíkátù dìde. "Baálé, ẹ̀yìn ilé yìí ni ẹ sin ọkọ mi sí. Inú ilé yìí ni mo bí Husnah sí. Iwájú ilé yìí ni máṣíìnì mi wà, ibẹ̀ náà ni yóò wà lọ́la, tí Ọlọ́run bá jí wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò, kí ó wá gbé e pẹ̀lú èmi lórí rẹ̀!"

Àgbà kan ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, kí ó búra. Rísíkátù ní òun ṣe tán, kí wọ́n gbé Bíbélì dání fún Adérónkẹ́ náà, kí ìyẹn náà búra pé ó rí òun níbi tí òun ti ń jalè. Adérónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ ṣe. Wọn kò gbé ìwé kankan wá mọ́.

Rísíkátù wá kọjú sí gbogbo ilé. "Kí ni ẹ ní wọ́n fi ṣe Erin Baba?"

"Eyín erin ni!" Wọ́n dáhùn bí akọrin.

"Ṣé iná lè yọ́ eyín erin bí òrí?"

Wọ́n wò mí. Mo ní rárá. Mo ní iná lè sọ ọ́ di dúdú, ó lè jẹ́ kí ó sán, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di omi. Kò sí ẹni tó bá mi jiyàn. Ta ló fẹ́ bá mi jiyàn?

Rísíkátù jáde, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ wọlé, èyí tó fi ń lọ aṣọ. Ó ṣí ìdérí rẹ̀. Èédú pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú erin náà jáde.

Ojú Oyèwùmí yí padà. "Má ṣe é! Bó bá jẹ́ òun ńkọ́?"

"Bó bá jẹ́ òun, kò ní yọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ń wo ojú rẹ̀. Láti kékeré ni nǹkan yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ni erin tó ní. Ó ra á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jù ú sórí èédú. Imú erin náà ló kọ́kọ́ ká. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ wó lulẹ̀, ó di omi, ó ń kán tó! tó! Èéfín dúdú gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òórùn rọ́bà náà le débi pé wọ́n ní àwọn awakọ̀ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun sọ̀ kalẹ̀ láti wo táyà wọn.

"Ohun tó jóná yẹn, ṣé eyín erin ni?" ni Rísíkátù wí. "Tí kì í bá ṣe eyín erin, kì í ṣe tiyín. Tí kì í bá ṣe tiyín, kí ni mo jí?"

Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Àmọ́ Adérónkẹ́ ní, "Ayédèrú ló sun! Ó ti gbé ojúlówó pamọ́!" Oyèwùmí, ẹni tó yẹ kí ó sọ̀rọ̀, ní òun máa ronú sí i.

Nígbà tí baálé ń ronú, ìlú kò ronú. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ kọjá. Husnah wá láti ilé ọkọ rẹ̀, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó bá òun lọ fún ìgbà díẹ̀. Rísíkátù ní, "Tí mo bá lọ lónìí, wọ́n á ní olè sá lọ. Ilé ọkọ mi nìyí. Lọ sọ fún ọkọ rẹ pé mo kí i." Lọ́jọ́ kejì, ó sún máṣíìnì rẹ̀ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú títì. Kò rí aṣọ tuntun rán mọ́, ó wá ń tú aṣọ ara rẹ̀, ó sì ń tún un rán, kí máṣíìnì má bàa dákẹ́.

Ibẹ̀ ni mo wà, mo ń bá a jókòó, nígbà tí Jàlálù alágbàfọ̀ gbé aṣọ Oyèwùmí kọjá. Aṣọ tí baálé wọ̀ lọ́jọ́ ìrántí ni. Jàlálù wọlé tọ baálé lọ, ó jáde, ó yára bí ẹni tí wọ́n lé, kò wo ojú ẹnì kankan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Oyèwùmí tún pe gbogbo ilé. Mo débẹ̀ ṣáájú wọn. Erin Baba wà ní ọrùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ bá mi yọ̀! Ohun Baba ti padà wá fúnra rẹ̀. Mo jí, mo bá a lórí ìṣó."

Àwọn kan ṣọpẹ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Adérónkẹ́ ní, "Ẹni tó gbé e ti bẹ̀rù. Ó ti rọra dá a padà." Gbogbo ojú sì yí sí Rísíkátù.

Ẹ̀yin ẹ wò ó! Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí bẹ́ẹ̀, olè ni yóò máa jẹ́ títí wọn yóò fi sin ín, olè tó bẹ̀rù tó dá ẹrù padà.

Rísíkátù kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó rìn lọ bá baálé tààrà. "Fúnra rẹ̀? Ẹsẹ̀ wo ló fi rìn? Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Obìnrin kì í fọwọ́ kàn án."

"Obìnrin tí ẹ ní ó jí i gbé, ọwọ́ wo ló fi jí i?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kí Oyèwùmí tó fèsì, Rísíkátù ti mú nǹkan náà níbi tó rọ̀ sí láyà rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Ó ra ojú rẹ̀. Ó ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dé etí rẹ̀ kan, ó dúró. Etí náà ti yọ́. Ó ti dì padà, òwú sì há sínú rẹ̀.

"Baálé, ẹ wo òwú yìí. Aláwọ̀ ewé ni. Agbádá tí mo rán fún yín fún ọjọ́ ìrántí, òwú yìí ni mo fi gán àpò rẹ̀, nítorí funfun tán lọ́wọ́ mi. N kò fi gán aṣọ ẹlòmíràn. Inú àpò yín ni nǹkan yìí wà. Ẹ bọ́ ọ lọ́rùn lọ́jọ́ náà, ẹ jù ú sí àpò, ẹ gbàgbé. Alágbàfọ̀ ló gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Àbí kí a ránṣẹ́ sí Jàlálù?"

Òógùn bo Oyèwùmí. Mo ti rí ọkùnrin yẹn níbi tí ó ti dojú kọ sójà, kò làágùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Inú àpò mi ló wà."

"Ẹ parí rẹ̀."

"Ìyàwó Ọláyínká kì í ṣe olè."

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Ohùn tí ẹ fi ní kí n kó ẹrù mi kò kéré báyìí."

"Rísíkátù kì í ṣe olè!" Ọ̀nà títì gbọ́ ọ.

Adérónkẹ́ kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ má bínú."

"Mo ń bínú," ni Rísíkátù wí. "Dìde, ilẹ̀ tutù."

Nígbà náà ni àgbà obìnrin kan wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa: bí etí rẹ̀ bá yọ́, kì í ṣe eyín erin. Kí wá ni?

Rísíkátù fi erin náà sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lọ sínú sàréè mi, ẹ̀yin lẹ kò gbà. Baba Ọdẹ ló ni í lóòótọ́. Ọwọ́ mi ló ti gbà á, ní Ìfọ́n, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò sí eyín lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ń wá ra bisikíìtì Adùnjù lọ́dọ̀ àǹtí mi, á rẹ ẹ́ sómi, á lá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kí ará Ìlobù kankan má bàa rí ọdẹ tó ń jẹ oúnjẹ ọmọdé. Ọjọ́ tí erin jáde nínú páálí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà èwe òun lòun ti ń wá erin nínú igbó, òun kò rí ẹyọ kan pa, inú páálí bisikíìtì ló sá sí! Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ. Wọ́n gbé mi níyàwó wá sínú ilé yìí, mo ń kúnlẹ̀ fún erin bisikíìtì lọ́dọọdún, n kò sọ. Ẹ pè mí lólè, mo sun tèmi, n kò sọ. Ó ti tó wàyí."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ wá síwájú, àfi bí ẹni pé wọ́n tú omi. Èmi ni mo kẹ́yìn rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ti máa ń rí Baba tó ń yọ́ lọ sí Ìfọ́n nígbà náà, mo sì ti sọ fún gbogbo ìlú pé àlè ló ní níbẹ̀. Oyèwùmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bẹ̀ mí láti ọjọ́ náà pé kí n má kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ní kí ó kọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Oyèwùmí tú okùn awọ náà lọ́rùn, ó na erin náà sí Rísíkátù. "Gbà á. Nítorí tiwa ni tìẹ fi jóná. Fi rọ́pò."

Rísíkátù kò na ọwọ́. "Ẹ gbé e padà sórí ìṣó, Baálé. Lọ́dọọdún tí ẹ bá fi kọ́ ọrùn, tí ẹ bá fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ tó yọ́ yẹn, ẹ máa rántí ẹni tí ẹ lé."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tó ti fi sẹ́nu ọ̀nà, ó jáde. Kí a tó tú ká nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ti ń gbọ́ máṣíìnì rẹ̀.